Ṣé ẹgbẹ́ NBA (líìgì bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà) lè lé eléré tí owó rẹ̀ ti di ẹrù?

Ẹ kú ìbéèrè. Wọ́n lè lé e, bó tilẹ̀ ku ọdún méjì lórí àdéhùn rẹ̀, ṣùgbọ́n gbèsè ò kúrò lọ́rùn wọn. Owó tí wọ́n ti fọwọ́ sí, wọ́n á san án tán ni.

Òfin kàn gbà wọ́n láyè láti pín in sí ọdún púpọ̀: ìlọ́po méjì ọdún tó kù, kí a fi ọ̀kan kún un. Méjì á di márùn-ún. Bí ẹgbẹ́ Milwaukee ṣe ṣe ti eléré wọn, Damian Lillard, ní 2025 nìyẹn, nǹkan bíi mílíọ̀nù 113 dọ́là. Ọdún márùn-ún gbáko fún ẹni tí kò gbá bọ́ọ̀lù fún wọn mọ́!

Àmọ́ kó tó di 1 September ni o. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, owó sáà yẹn ò ṣeé pín, àfi ti ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ní tèmi, kí wọ́n kọ́kọ́ wá ẹgbẹ́ tí àyè ṣì wà nínú iye owó eléré tí líìgì fọwọ́ sí, kí wọ́n gbé eléré náà fún un, kí wọ́n fi ẹ̀tọ́ yíyan eléré tuntun ṣe ènì. Toronto ṣe é ní 2017, nígbà tí wọ́n gbé DeMarre Carroll fún Brooklyn.