Ọmọ mi bi mí bóyá ejò dára àbí kò dára

Ìbéèrè

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 9, fẹ́ràn ìwé kíkà àti fíìmù gan-an, ó sì ti ṣàkíyèsí pé nínú ọ̀pọ̀ eré tí òun ń wò, ejò ni ọ̀dàlẹ̀. Ní ilé ìjọsìn pẹ̀lú, ejò ni wọ́n fi kọ́ ọ nípa ẹ̀tàn. Láìpẹ́ yìí, olùkọ́ wọn ní kí kálukú ya àmì kan kí ó sì ṣàlàyé rẹ̀, ọmọ mi sì ya ejò tó lọ́ mọ́ ọ̀pá, ó ní àmì ìwòsàn ni, pé ara áḿbúláǹsì ni òun ti rí i. Ó wá bi mí bóyá ejò dára àbí kò dára. Mo ní kò dára, ó sì ní kí ló dé tí àwọn dókítà fi ń lò ó. N kò fẹ́ kí ìgbàgbọ́ tí a fi ń tọ́ ọ dàrú mọ́ ọn lójú, n kò sì fẹ́ purọ́ fún un. Báwo ni ẹ̀yin ṣe ń ṣàlàyé irú èyí fún àwọn ọmọ yín?

Ìyá Mofẹ́

Ìdáhùn

Ìyá Mofẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ìdáhùn tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ó dára" tàbí "kò dára" ni yóò sọ ọ̀rọ̀ yìí di èyí tó le, nítorí pé ejò inú igbó kò mọ nǹkan kan nípa rere tàbí búburú. Àwọn èèyàn tó ń sọ ìtàn ni wọ́n gbé ẹrù méjèèjì lé e lórí. Èmi máa ń jẹ́ kí àwọn ọmọ tèmi kọ́kọ́ mọ bí ara ejò ṣe rí, nítorí pé ohun tí ojú àwọn èèyàn rí lára rẹ̀ ni wọ́n ti fa èyí tó pọ̀ jù nínú ìtumọ̀ tí wọ́n fún un.

Ẹ jẹ́ ká mú bíbọ́ awọ. Bí àkókò rẹ̀ bá tó, ojú ejò á kọ́kọ́ di bàìbàì, á funfun bí wàrà, nítorí pé ìpẹ́ tó mọ́ gaara tó bo ẹyinjú rẹ̀ náà ń múra àtibọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò máa fi ẹnu ha ara òkúta tàbí igi, tí awọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí láti ètè, tí inú rẹ̀ yóò yí síta títí dé ìrù, pẹ̀lú ìpẹ́ ojú méjèèjì lára rẹ̀, ejò fúnra rẹ̀ yóò sì jáde ní dídán. Ẹni tó bá rí èyí láyé àtijọ́ kò ní ṣàì rò pé ẹranko yìí ti mọ àṣírí àìkú. Nínú ìtàn Gilgamesh, ọ̀kan nínú àwọn ìtàn tó pẹ́ jù lọ tí ọmọ ènìyàn kọ sílẹ̀, láti ilẹ̀ tí a ń pè ní Ìráàkì lónìí, Ọba Gilgamesh wá ewéko tó ń sọ àgbà di ọ̀dọ́ rí, ṣùgbọ́n ibi tó ti ń wẹ̀ ni ejò ti gbé e lọ, tí ejò sì bọ́ awọ sílẹ̀ bó ti ń lọ. Àwọn ará Gíríìkì ní tiwọn fi ejò kan mọ́ ọ̀pá Asclepius, òrìṣà ìwòsàn wọn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni ejò ara áḿbúláǹsì ti wá. Ọ̀pá kan náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sínú àmì rẹ̀ láti ọdún 1948. Bó bá jẹ́ ọ̀pá abìyẹ́ tí ejò méjì lọ́ mọ́ ni ọmọ yín yà, ẹ ní kó tún un yà, nítorí pé ti Hermes nìyẹn, òrìṣà àwọn ońjíṣẹ́ àti oníṣòwò, tí ẹ̀ka ìṣègùn iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà mú lò ní ọdún 1902, tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ibẹ̀ náà sì ń lò dòní.

Oró rẹ̀ pẹ̀lú ní ojú méjì. Ejò kan wà ní Bùràsíìlì tí wọ́n ń pè ní jararaca, tí oró rẹ̀ máa ń mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀. Láti inú ohun tí àwọn onímọ̀ rí nínú oró yìí ni wọ́n ti mọ bí wọn yóò ṣe ṣe captopril, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1981. Ọmọ ọdún 9 yóò fẹ́ràn láti gbọ́ èyí ju ìwàásù lọ.

Ní ti ìgbàgbọ́, Bíbélì fúnra rẹ̀ kò fi ìtumọ̀ kan ṣoṣo de ejò mọ́lẹ̀. Ẹlẹ́tàn ni ní ọgbà Édẹ́nì, ìwé Ìfihàn sì so ó mọ́ orúkọ Sátánì. Síbẹ̀, nínú ìwé Númérì orí 21, Mósè rọ ejò idẹ, ó gbé e kọ́, ẹni tí ejò bù jẹ tó bá sì wò ó a yè. Jésù fi gbígbé tí a ó gbé òun sókè wé ti ejò idẹ náà, ó sì ní kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn òun gbọ́n bí ejò. Apá tí mo máa ń tẹnu mọ́ jù fún àwọn ọmọ mi wà nínú ìwé Àwọn Ọba Kejì orí 18, níbi tí Ọba Hesekáyà ti fọ́ ejò idẹ kan náà túútúú nítorí pé àwọn èèyàn ti ń sun tùràrí sí i. Ejò tó gba ẹ̀mí là nígbà tí ó jẹ́ àmì ni wọ́n fọ́ nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di ohun tí wọ́n ń bọ. Ọmọ tó bá mọ ìtàn yìí kò ní rò pé àwòrán ara áḿbúláǹsì ń bá ìgbàgbọ́ òun jà. Ẹ̀yin Mùsùlùmí tí ẹ ń kà á náà yóò rántí pé Àlùkùránì kò dárúkọ ejò nínú ìtàn bí Ṣàtánì ṣe tan Ádámù.

Fíìmù gan-an ló ń bí mi nínú. Nínú *The Jungle Book*, ìwé ìtàn tí Rudyard Kipling tẹ̀ jáde ní 1894, òjòlá tó ń jẹ́ Kaa jẹ́ àgbà ọlọ́gbọ́n tí àwọn ọ̀bọ ń bẹ̀rù gan-an, òun ló sì bá àwọn ọ̀rẹ́ Mowgli, ọmọ ènìyàn tó ń gbé inú igbó, lọ gbà á lọ́wọ́ àwọn ọ̀bọ tó jí i gbé; nígbà tí Disney fi ṣe eré ní 1967, Kaa kan náà di ẹni tó ń fi ojú mú ọmọ náà sùn kí ó lè rí i gbé mì. Kò sí ejò tó lè fi ojú mú èèyàn sùn. Ejò kò ní ìpéǹpéjú ni kò fi lè ṣẹ́jú, ahọ́n rẹ̀ tó là sí méjì sì ni ó fi ń kó òórùn jọ, tí ṣóńṣó méjèèjì ń jẹ́ kó mọ ìhà ibi tí òórùn ti ń wá; kò sí irọ́ kankan nídìí rẹ̀. Ọ̀lẹ ni mo ka òǹkọ̀wé eré sí bó bá jẹ́ pé ìpòṣé ejò nìkan ló ní láti fi hàn wá pé ẹnì kan burú. Nígbà tí ẹ bá jọ ń wo irú eré bẹ́ẹ̀, ẹ bi í pé kí ni ejò yìí ṣe, yàtọ̀ sí pé ó jẹ́ ejò. Lẹ́yìn náà kí ẹ jọ wo *Kung Fu Panda* ti 2008, níbi tí ejò ti wà lára àwọn akọni.

Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu tiwa náà, bí a bá ní ejò lọ́wọ́ nínú, àbòsí là ń wí; bí a bá ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà, ejò ti di ẹni tí a ń káàánú, tí a fi ń kọ́ ara wa ní ìṣọ̀kan. Ẹnu kan náà ló ń sọ méjèèjì, kò sì dàrú mọ́ ẹnikẹ́ni lójú.

Ẹ má sì jẹ́ kí àlàyé yìí sọ ejò gidi di ohun ìṣeré. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé èèyàn tí ejò ń bù jẹ kú lọ́dọọdún tó 81,000 sí 138,000. Bó bá rí ejò, kó rọra fà sẹ́yìn kó sì pe àgbà, ì báà jẹ́ òkú ejò. Bí ejò bá sì bu ẹnikẹ́ni jẹ, kí ẹni náà dúró jẹ́ẹ́ títí wọn yóò fi gbé e dé ilé ìwòsàn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi abẹ gbẹ́ ojú ibi tí ejò ti bù ú jẹ, kí wọ́n má sì fi ẹnu fa oró náà.

Bàbá Ìbùkún