Ṣé kọlẹ́sítẹ́róọ̀lù nìkan ló ń dí òpójẹ̀, àbí sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ (stem cell), ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó ń bí àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn, náà lọ́wọ́ sí i?

Àwọn méjèèjì ló lọ́wọ́ sí i. LDL, oríṣi kọlẹ́sítẹ́róọ̀lù tó léwu, máa ń yọ́ wọ inú ògiri òpójẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ á máa gbé e mì títí wọ́n á fi kún fọ́fọ́ fún ọ̀rá, wọ́n á kú síbẹ̀, ọ̀rá á sì ṣù jọ. Tí ọ̀rá tó ṣù jọ náà bá bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á dì lé e lórí, ó sì lè fa ìkọlù ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀.

Inú mùdùnmúdùn eegun ni ti sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ wà, ó sì dùn mí pé a kì í sábà sọ ọ́. Tí kọlẹ́sítẹ́róọ̀lù bá pọ̀ jù lára wọn, wọ́n á máa bí sẹ́ẹ̀lì funfun ju bó ṣe yẹ lọ, ìyẹn á sì tún wọ ògiri òpójẹ̀. HDL, oríṣi kọlẹ́sítẹ́róọ̀lù tó dára, ló ń bá wọn kó àpọ̀jù náà kúrò.