Processor tí kò kú, àmọ́ tó ń parọ́

Àbúrò, o ní o ti overclock processor rẹ (o mú kí ọpọlọ kọ̀ǹpútà sáré ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ), o ṣe Cinebench, ètò tó ń dán eré processor wò, lẹ́ẹ̀mẹta kò kú, o wá ń béèrè bóyá ọkàn rẹ lè balẹ̀. Rárá o. Èmi náà fọkàn balẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà kan, owó àti ìtìjú ni mo fi san án.

Fídíò àti fọ́tò ìgbéyàwó ni mò ń ṣe ní Òṣogbo níbí, processor Intel i5-8600K ni mo sì ń lò. Mo gbé e dé 5.0GHz pẹ̀lú fóltéèjì 1.30V. Òru ni, ọyẹ́ sì ń fẹ́. Cinebench kọjá, Prime95, ètò tó ń fi ìṣirò ńlá dán processor wò, fún ogún ìṣẹ́jú kọjá, mo ti ń yangàn. Oṣù kẹta dé, oòrùn mú, ojú kọ̀ǹpútà di búlúù lọ́sàn-án gangan láàárín render (ìgbà tí kọ̀ǹpútà ń to fídíò pọ̀ di fáìlì kan): WHEA_UNCORRECTABLE_ERROR, àṣìṣe ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà kò lè tún ṣe. Mo ní kò tó nǹkan, mo tún un tàn.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mo ti di fọ́tò ìgbéyàwó kan sínú fáìlì 7-Zip, ètò tó ń fún fáìlì pọ̀ kó lè kéré, mo sì ti pa àwọn fọ́tò gan-an rẹ́ kí n lè rí àyè. Ìgbà tí mo fẹ́ tú u, ó ní CRC failed, ìyẹn ni pé ohun tó tú kò bá èyí tí mo dì mu. Láti ibì kan lọ, kò sí èyí tó ṣeé ṣí mọ́. Nígbà tí mò ń dì wọ́n, processor ti ṣi ìṣirò ṣe; kò kú, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá ìyàwó wá sí ṣọ́ọ̀bù, kò pariwo, ó kàn jókòó. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kó pariwo.

Nítorí náà, àìkú kọ́ la fi ń mọ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn lára Prime95 ni pé ó máa ń yẹ ìṣirò ara rẹ̀ wò. Nínú àwọn ìdánwò rẹ̀, Small FFTs ló ń fìyà jẹ processor jù. Blend ló ń kan RAM, ìrántí kọ̀ǹpútà. Àmọ́ core kan (ọ̀kan lára ẹ̀ka tó ń ṣe ìṣirò nínú processor) lè ṣìṣe kí worker tirẹ̀, ìyẹn iṣẹ́ tí Prime95 gbé fún un, nìkan dúró, kí àwọn yòókù máa bá iṣẹ́ lọ. Mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, kọ̀ǹpútà ṣì ń ṣiṣẹ́, mo fẹ́ yọ̀. Àṣé worker 4 ti dúró láti aago méjì òru: "Rounding was 0.5, expected less than 0.4", ìyẹn ni pé ìṣirò rẹ̀ ti yẹ̀. Wo Event Viewer náà, ibi tí Windows ń kọ àṣìṣe sí. Bí o bá rí WHEA-Logger 19, processor ṣìṣe, ó sì tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹyọ kan ti pọ̀ jù lójú tèmi.

RAM ńkọ́? Fi MemTest86 yẹ̀ ẹ́ wò kó o tó fọwọ́ kan processor, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ o ò ní mọ ẹni tó jẹ̀bi.

Jẹ́ kí HWiNFO máa ṣọ́ ooru. Bí 8600K bá dé 100°C, fúnra rẹ̀ ló máa dín eré kù, a jẹ́ pé kì í ṣe eré tí o fẹ́ mọ̀ lo ń dán wò mọ́. Èmi kì í jẹ́ kó kọjá 85, lọ́sàn-án o, kì í ṣe lóru. Gbọn eruku ọyẹ́ kúrò lára fáànù rẹ kó o tó bẹ̀rẹ̀. Wákàtí mẹ́jọ ni mo máa ń fún ìdánwò Prime95. Bí iná bá lọ ní wákàtí karùn-ún, bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Nígbà kejì tí ìyẹn ṣẹlẹ̀ sí mi, mo rẹ́rìn-ín. Nígbà kẹrin, ó kù díẹ̀ kí n sunkún. Inverter ọ̀rẹ́ mi kan ló gbà mí.

4.8GHz ni mo wà báyìí. Render tó máa gba wákàtí kan ní 5.0 ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì àbọ̀ lé e. Bẹ̀rẹ̀ tìrẹ ní aago kan ọ̀sán ọ̀la, ti ilẹ̀kùn, kó o wá sọ worker tó kọ́kọ́ dúró fún mi.