Ọwọ́ Obìnrin Lórí Gìtá: Ìdáhùn Sí Ìbéèrè Yín Nípa Orin Rọ́ọ̀kì

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 19 ni mí, mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Onítẹ̀bọmi kan. Mo rí fídíò obìnrin kan tó ń ta gìtá funfun ní ibùdókọ̀ ojú irin. Wọ́n ní Sister Rosetta Tharpe, akọrin ìyìn ará Amẹ́ríkà, ni. Mo ní gìtá oníná, ṣùgbọ́n ìró tirẹ̀ kò jáde lọ́wọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n tó ń kọ́ mi ní ọwọ́ obìnrin kò lè ta á bẹ́ẹ̀. Kí ni kí n ṣe? — Akọrin, Ògbómọ̀ṣọ́

Ọmọ wa, ọwọ́ rẹ kò ní àléébù kankan. Bí wọ́n ṣe yí okùn gìtá rẹ ló yàtọ̀ sí tirẹ̀. Ọdún 1964 ni wọ́n ya fídíò yẹn ní Manchester, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún tẹlifíṣọ̀n Granada. Inú ìjọ ni Rosetta náà ti bẹ̀rẹ̀. Cotton Plant ní ìpínlẹ̀ Arkansas, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n bí i sí ní 1915, ìyá rẹ̀ tó jẹ́ ajíhìnrere ló sì ń mú un káàkiri. Orin "Strange Things Happening Every Day" tó gbà sílẹ̀ ní 1944 wà lára àwọn tó la ọ̀nà fún rọ́ọ̀kì. Little Richard àti Johnny Cash, àwọn gbajúmọ̀ olórin Amẹ́ríkà, fi ẹnu ara wọn sọ pé àwọn fẹ́ràn orin rẹ̀ láti kékeré. Sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n rẹ: ọkùnrin ló kẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ obìnrin.

Ìyíkùn tí wọ́n ń pè ní Vestapol ló máa ń lò. Ìwọ tí o ń ka dò-re-mí nínú ẹgbẹ́ akọrin, o ti mọ̀ ọ́n tán. Láti okùn tó nípọn jù dé èyí tó tín-ín-rín jù, ohun tó ń ké ni *dò, sò, dò, mí, sò, dò*, tí D jẹ́ dò. Má fọwọ́ kan okùn karùn-ún (A) àti ìkẹrin (D). Dẹ okùn kẹfà, èyí tó nípọn jù, láti E sí D. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ ní fret 7 (fret ni àwọn irin tó dábùú ọrùn gìtá), ohùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá okùn karùn-ún dọ́gba. Dẹ ìkẹta láti G sí F#, ìyẹn ohùn okùn kẹrin ní fret 4. Dẹ ìkejì láti B sí A, ohùn okùn kẹta ní fret 3. Dẹ ìkíní láti E sí D, ohùn okùn kejì ní fret 5.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n á dẹ okùn títí yóò fi dé ohùn tí wọ́n fẹ́, wọ́n á dúró síbẹ̀. Eyín inú kọ́kọ́rọ́ gìtá á ṣì dẹ̀ díẹ̀, kí ẹsẹ orin kejì tó parí, ohùn okùn náà á ti wálẹ̀. Dẹ̀ ẹ́ kọjá ibẹ̀, kí o wá máa fà á bọ̀ lókè títí yóò fi bọ́ sí i.

Tí o bá fọwọ́ ọ̀tún gbá gbogbo okùn láìtẹ nǹkan kan, ohùn dò ló jáde. Ìka kan tí o tẹ́ gbalaja sórí fret 5 á fún ọ ní fà, fret 7 á fún ọ ní sò. Orí mẹ́ta yìí ni ọ̀pọ̀ orin ìyìn dúró lé. Ọwọ́ òsì ti wá ráyè sáré lórí okùn kọ̀ọ̀kan láàárín ìlà orin méjì, bí ẹni ń dá olórin lóhùn. Ibẹ̀ gan-an ni adùn Rosetta wà.

Okùn tí ìwọ̀n sísanra rẹ̀ jẹ́ 10 sí 46 á dẹ̀ jù fún ìyíkùn yìí, á máa hó lórí fret. Ra 11 sí 49. Tí D bá rẹlẹ̀ fún ohùn rẹ, fi kápò, ohun tí wọ́n fi ń há gbogbo okùn mọ́ ọrùn gìtá, dè é ní fret 2, ó di E. Nígbà ọyẹ́, ọrùn gìtá máa ń gbẹ, á súnkì, etí àwọn fret á yọ síta, á máa gé ọwọ́. Fi fóòmù tútù tí o ti fún dáadáa sínú ike ọṣẹ tí o dá lu, kí o gbé e sínú báàgì gìtá náà.

Ṣé òótọ́ ni pé kì í ṣe Elvis Presley ló kọ́kọ́ kọ "Hound Dog"? — Bàbá Olùkọ́, Owódé, Ọ̀yọ́

Òótọ́ ni, bàbá. Big Mama Thornton, akọrin obìnrin ará Amẹ́ríkà, ló gbà á sílẹ̀ ní 1952. Ó jáde ní 1953, ó sì fi ọ̀sẹ̀ méje wà ní ipò kìíní láàárín orin R&B (rhythm and blues), orin àwọn aláwọ̀dúdú Amẹ́ríkà. Ọdún 1956 ni ti Elvis. Ẹ gbọ́ méjèèjì tẹ̀ léra: ti Elvis ń sáré, ti Thornton ń fà nílẹ̀, nítorí obìnrin tó ń lé ọkùnrin ajẹmásanwó jáde nílé rẹ̀ kò kánjú. Òun náà ló kọ "Ball and Chain" tí akọrin Janis Joplin fi gbòkìkí níbi ayẹyẹ orin ní Monterey, ní Amẹ́ríkà, ní 1967.

Ǹjẹ́ Yorùbá ní obìnrin tó kọ irú orin yìí? Èmi àti ọ̀rẹ́ mi fẹ́ kọ rọ́ọ̀kì ní èdè wa. — Ọ̀rẹ́ Méjì, Ògbómọ̀ṣọ́

Táyéwò àti Kẹ́hìndé Lijadu, ìbejì tí wọ́n bí sí Jọ́ọ̀sì ní 1948. Àwo wọn mẹ́rin tí ẹ gbọ́dọ̀ wá ni *Danger* (1976), *Mother Africa* (1977), *Sunshine* (1978) àti *Horizon Unlimited* (1979). Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí *Danger*, ibẹ̀ ni gìtá ti gbóná jù. Ẹ fetí sí bí ohùn méjèèjì ṣe ń lẹ̀ mọ́ra, tí ìkan kì í bo èkejì.

Ní ti kíkọ ọ́ ní Yorùbá, ẹ má kọ́kọ́ wá ohùn orin. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, kí ẹ fi dò, re, mí sórí ìró kọ̀ọ̀kan. "Ọ̀nà mi ti là" á fún yín ní dò-dò-re-re-dò. Tí ẹ bá gbé ìró àkọ́kọ́ sókè torí pé gìtá ń lọ sókè, ọ̀nà di ọnà, àwọn tó ń gbọ́ á máa rò pé iṣẹ́ agbẹ́gilére lẹ ń kọ lórin. Ẹ jẹ́ kí gìtá máa gòkè níbi tí ẹnu bá ti dákẹ́.