Ẹ̀yìn tó ń dùn mí láti ọdún 6

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Télọ̀ ni mí n'Íbàdàn, ọmọ ọdún 47. Ẹ̀yìn ń dùn mí láti ọdún 6. Mo ti ya x-ray, mo ti lo oògùn títí. Wọ́n ní kò gba iṣẹ́ abẹ, kí n máa mú un mọ́ra. Ọmọ mi tó wà l'Amẹ́ríkà ní kí n máa ṣe mindfulness. Ìyá ìjọ ni mí o. Ṣé kì í ṣe ẹ̀sìn àjèjì nìyẹn? Ṣé ìrora náà yóò sì lọ?
Télọ̀, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Kí n ti ibi tó le bẹ̀rẹ̀: ó ṣeé ṣe kó má lọ. Ọdún 9 rèé tí orúnkún òsì tèmi ti ń ro mí. (Ẹni tó bá ní òun máa gbà á kúrò lára yín pátápátá, ọjà ló fẹ́ tà.)

Ní ti mindfulness yìí, ìyẹn kéèyàn fọkàn sí ohun tí ara rẹ̀ ń gbọ́ lọ́wọ́lọ́wọ́ láìbá a jà, inú ẹ̀sìn Búdà ni wọ́n ti mú un wá lóòótọ́. Àmọ́ lọ́dún 1979, Jon Kabat-Zinn, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan l'Amẹ́ríkà, gbé e wọ ilé ìwòsàn Yunifásítì Massachusetts ní Worcester, fún àwọn aláìsàn tí oògùn ò ràn tó: ọ̀sẹ̀ 8, láìbọ ohunkóhun. Èmi, tí mo bá ti kírun Ìṣáì tán ni mo máa ń ṣe tèmi.

Ẹ dùbúlẹ̀, ẹ fọkàn sí ọmọ-ìka ẹsẹ̀ òsì. Ṣé ó gbóná? Ṣé ó ń jẹ yín ni, àbí ẹ ò gbọ́ nǹkan kan? Ẹ máa gòkè díẹ̀díẹ̀ títí dé orí. Ìṣẹ́jú 45 ni tiwọn. Èmi ò kọjá 20. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, n kì í tíì dé orúnkún tí mo fi ń hanrun. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé gbogbo ẹsẹ̀ tí mo ń pariwo pé ó ń dùn mí, ojú ibi tí kò ju kọ́bọ̀ lọ ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún. Ìyókù, èmi ni mo ń mú ẹsẹ̀ le dè é, tí mo ń bẹ̀rù pé báyìí ni màá ṣe wà títí. Orúnkún ṣì ń ro mí, ṣùgbọ́n mo ti ń sùn.

Nídìí maṣíìnì, tẹ́ ẹ bá ran apá aṣọ kan tán, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà kẹ́ ẹ tó mú èkejì. Ẹ mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kẹ́ ẹ fi ara gbọ́ ibi tí ẹ̀yìn ti ń fà gan-an. Ọkàn yóò sá lọ sídìí aṣọ ẹbí ọjọ́ Sátidé. Ẹ má bá a jà, ẹ rọra fà á padà.

Ẹ má tìtorí èyí dá oògùn dúró láìbi dókítà. Bí ẹsẹ̀ bá sì ń rọ, tàbí tí ìtọ̀ bá ń jáde lára yín láìmọ̀, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an. Ìyẹn kì í ṣe èyí tí à ń dùbúlẹ̀ wò.