“El águila”: akọ ni àbí abo?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, èdè Sípáníìṣì ni mò ń kọ́. Ìwé mi pe ẹyẹ idì ní “el águila”, àmọ́ nígbà tó yá mo tún rí “las águilas blancas” nínú ìwé kan náà. Ṣé akọ ni àbí abo?

Ìdáhùn: Abo ni, kò sígbà tí kì í ṣe abo. “El” yẹn ló ń tàn yín, torí “el” ni wọ́n sábà ń fi ṣáájú ọ̀rọ̀ akọ, “la” sì ni ti abo. Bí ọ̀rọ̀ orúkọ abo bá fi “a” tàbí “ha” bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì ń tẹnu mọ́ sílébù àkọ́kọ́ yẹn gan-an, “el” ni wọ́n ń fi ṣáájú rẹ̀ nígbà tó bá jẹ́ ẹyọ kan. “Illa” ti èdè Látìn ni “el” yìí ti wá. Ó di “ela”, ó wá gé kúrú níwájú fáwẹ̀lì. Kì í ṣe “el” ti akọ, irú èyí tó wà nínú “el perro” (ajá), rárá.

Ìdí nìyẹn tí ìyókù gbólóhùn fi ń tẹ̀lé abo: “el águila blanca” (idì funfun), “esta águila” (idì yìí), “mucha águila” (ọ̀pọ̀ idì). “Este águila”, pẹ̀lú “este” ti akọ, ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀, àwọn tó ni èdè pàápàá ń ṣe é. Bí ọ̀rọ̀ mìíràn bá sì bọ́ sáàárín, “la” á padà wá: “la hermosa águila” (idì arẹwà náà). “Un águila” ló wọ́pọ̀. “Una águila” náà kò burú.

Ẹ má wá fi “el” síwájú gbogbo ẹranko tó bá fi “a” bẹ̀rẹ̀ o. “La abeja” ni oyin, torí “be” ni wọ́n ń tẹnu mọ́. “La araña” (aláǹtakùn) àti “la ardilla” (ọ̀kẹ́rẹ́) náà rí bẹ́ẹ̀. Kódà “la aguilita”, idì kékeré, kò gba “el” mọ́, nítorí ìtẹnumọ́ ti kúrò níwájú. Ní ti “el asno” (kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́), ọ̀rọ̀ akọ gidi ni.

Bí ẹyẹ náà bá jẹ́ akọ ńkọ́? “El águila macho es rápida” (akọ idì yára): “rápida” ti abo ṣì ni, kì í ṣe “rápido”.

Àmì orí “á” kì í ṣe àmì ohùn bíi tiwa. Ibi ìtẹnumọ́ ló ń tọ́ka sí. Ẹ má sì pe “u” inú “gui”: “gi” lásán ni.

Ní Mẹ́síkò, bí wọ́n bá fẹ́ ju owó ẹyọ sókè, “¿águila o sol?” ni wọ́n ń béèrè. Idì ló wà lójú kan, “sol” (oòrùn) ni wọ́n ń pe ojú kejì. Níbẹ̀, ẹ ò nílò “el” tàbí “la”.