Bickersteth ni orúkọ wa: ṣé a ní ẹ̀jẹ̀ òyìnbó ni?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bickersteth ni orúkọ ìdílé bàbá mi. Olówógbowó ní Èkó ni a ti ń jẹ́ ẹ láti ayé bàbá bàbá bàbá mi, ẹni tí wọ́n ní ó ti Freetown wá. Ọmọ mi obìnrin ń kàwé ní Manchester báyìí. Olùkọ́ rẹ̀ kan sọ fún un pé orúkọ náà ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, pé agbègbè Lancashire ló ti ṣẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń bi mí bóyá a ní ẹ̀jẹ̀ òyìnbó lára. Ó tún rí àwọn kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń ta àwòrán asà ìdílé (coat of arms) Bickersteth, wọ́n ní gbogbo ẹni tó bá ń jẹ́ orúkọ náà ló ni ín. Bẹ́ẹ̀, ìyá bàbá mi máa ń kì wá ní "ọmọ Ìkòyí, ọmọ ẹ̀ṣọ́" kó tó kú. Èwo ni kí n gbà, níbo sì ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

ÌDÁHÙN

Ẹ sọ fún ọmọ yín kó má ra asà yẹn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, asà kì í ṣe ti orúkọ. Ẹnìkan ni wọ́n ń fún, àwọn ọmọ tó bá sì ti ìdí rẹ̀ wá ló ń jogún rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ náà, College of Arms, ti wà ní London láti ọdún 1484. Òyìnbó pọ́ńbélé tó ń jẹ́ Bickersteth kò lè sọ pé òun ló ni asà kan àfi tó bá fi ìwé hàn pé òun ti ìdí ẹni tó gbà á wá. Àwòrán lásán ni wọ́n ń tà fún un.

Orúkọ yín gan-an ni mo fẹ́ kí a jókòó tì, nítorí ó rin ọ̀nà jíjìn kó tó kan yín.

Abúlé kan wà ní ìwọ̀-oòrùn Lancashire, nítòsí ìlú Ormskirk, tó ń jẹ́ Bickerstaffe. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, "bicere" ni ẹni tó ń sin oyin, "stæð" sì ni etí omi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí. Èbúté àwọn olóyin ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ lónìí kò ní rí odò ńlá kankan, ṣùgbọ́n ilẹ̀ àbàtà pọ̀ ní agbègbè yẹn, adágún Martin Mere tó wà lápá àríwá rẹ̀ sì gbòòrò gan-an kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi rẹ̀ gbẹ ní òpin ọ̀rúndún 17.

Bí ibẹ̀ ṣe di orúkọ ènìyàn kò ṣàjèjì sí wa. Tí ará Ògbómọ̀ṣọ́ bá kó lọ sí Kánò, Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn aládùúgbò ń pè é. Kò sẹ́ni tó ń pe ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀, nítorí gbogbo wọn ló ti ibẹ̀ wá. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì láti nǹkan bí ọ̀rúndún 12 sí 14. Àwọn ọlọ́lá ń fi orúkọ ilẹ̀ tí wọ́n ni jẹ́ orúkọ, àwọn mẹ̀kúnnù sì ń gba orúkọ abúlé wọn nígbà tí wọ́n bá ti kúrò níbẹ̀. Ohun tó mú kí tiyín ṣọ̀wọ́n ni pé Bickerstaffe kan ṣoṣo ló wà, abúlé kékeré sì ni. Ìlú tó ń jẹ́ Newton tàbí Sutton pọ̀ káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń jẹ́ orúkọ wọ̀nyẹn fi pọ̀ bí eṣú.

Ẹ wá gbọ́ ìparí orúkọ náà dáadáa. Ìró tó wà lẹ́yìn "stæð", tí ahọ́n ń yọ sáàárín eyín, àwa Yorùbá ò ní in; ìdí nìyẹn tí a fi ń pe Smith ní Símíìtì. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà wà tí ìró yẹn ń di "f" lẹ́nu wọn. Nígbà tó di "f", etí bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ "staff", èyí tó jẹ́ ọ̀pá, akọ̀wé ìjọ sì ń kọ ohun tí etí rẹ̀ gbọ́. Báyìí ni èbúté ṣe di ọ̀pá. Nígbà tí orúkọ náà fi máa dé Ireland àti Amẹ́ríkà, àwọn kan ti ń kọ ọ́ ní Biggerstaff, bí ẹni pé ọ̀pá ńlá kan ni wọ́n fi sọ wọ́n lórúkọ. Ilẹ̀ kan wà ní North Carolina tí wọ́n ti gbé ènìyàn mẹ́sàn-án kọ́ lóṣù Kẹwàá ọdún 1780, lẹ́yìn ogun Kings Mountain. Bí ìwé kan ṣe ń pè é ní ilẹ̀ Bickerstaff ni òmíràn ń pè é ní ti Biggerstaff. Nítorí náà, tí ọmọ yín bá ń wá orúkọ yìí nínú ìwé àtijọ́, kó wá gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ pọ̀. Ẹni tó bá wá ẹyọ kan péré á pàdánù bàbá tàbí àbúrò ẹni tó ń wá.

Èyí tó parí sí "staff" tàbí "staffe" kò jìnnà sílé: Lancashire ló pọ̀ sí. John Bickerstaffe tó jẹ́ olórí ilé iṣẹ́ tó kọ́ ilé ìṣọ́ gíga Blackpool, èyí tí wọ́n ṣí ní 1894, wà lára wọn. Èyí tó pa ìparí àtijọ́ mọ́, Bickersteth bíi tiyín, ló ṣọ̀wọ́n jù. Ìdílé tó sọ ọ́ di mímọ̀ jáde láti Kirkby Lonsdale, ìlú kékeré kan ní Westmorland, tó tó nǹkan bíi máìlì 45 sí abúlé àwọn olóyin. Oníṣègùn ni bàbá wọn, Henry lorúkọ rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ni ìtàn tiyín dá lé.

Edward ni ọ̀kan nínú wọn, 1786 ni wọ́n bí i. Ó ti ń ṣiṣẹ́ lọ́yà ní Norwich kó tó gba oyè àlùfáà ní 1815. Lọ́dún 1816, ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS (Church Missionary Society) rán an lọ sí Sierra Leone kó lọ wo bí iṣẹ́ wọn ṣe ń lọ sí. Oṣù díẹ̀ ló lò níbẹ̀ kó tó padà sí London, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ náà títí di 1830. Lásìkò yẹn gan-an ni àwọn ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ń já ẹrú gbà lójú òkun, tí wọ́n ń kó wọn lọ sí Freetown, àwọn ọmọdé sì ń wọ ilé ẹ̀kọ́ CMS. Ẹgbẹ́ náà ní ètò kan fún àwọn olùrànlọ́wọ́ wọn: ẹni tó bá ń dá £5 lọ́dún fún ìtọ́jú ọmọ kan lè yan orúkọ tí wọ́n máa fi sọ ọ́. Bí orúkọ àwọn àlùfáà àti àwọn olóore tí ẹsẹ̀ púpọ̀ nínú wọn kò tẹ ilẹ̀ Áfíríkà rí ṣe di orúkọ àwọn ọmọ wa nìyẹn.

Àpẹẹrẹ tí gbogbo wa mọ̀ ni Àjàyí. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, ọkọ̀ Myrmidon já a gbà ní 1822, wọ́n sì ṣe ìrìbọmi fún un ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825. Ọjọ́ yẹn ló di Samuel Crowther. Àlùfáà kan ní Newgate, London, tó wà lára ìgbìmọ̀ CMS, ló ni orúkọ náà. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ní ẹ̀jẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lójú tèmi, ọ̀nà kan náà ni Bickersteth gbà wọ ilé yín: ọmọ kan tí a já gbà lójú òkun, tó dé ibi odò ìrìbọmi, tí wọ́n sì fún ní orúkọ akọ̀wé CMS.

Nítorí náà, ìdáhùn mi sí ọmọ yín ni pé Lancashire lorúkọ ti wá, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ ẹ nínú ilé yín kò ti ibẹ̀ wá. Ó ti ní orúkọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ sọ ọ́ kí òyìnbó kankan tó rí i. Ohun tí a ń wá gan-an nìyẹn. Oríkì tí ìyá bàbá yín fi sílẹ̀ sì níye lórí fún mi ju asà lọ. Ìkòyí-Ilé wà lára àwọn ìlú Ọ̀yọ́ tí ogun tú ká ní ọ̀rúndún 19, nígbà tí wọ́n ń kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ sétí òkun. Mi ò sọ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti mú bàbá yín o. Orílẹ̀ máa ń bá ènìyàn dé ibi tó bá kó lọ, ọmọ Ìkòyí sì wà káàkiri nígbà náà. Ṣùgbọ́n ó sọ irú ìdílé tó jẹ́ fún wa.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo ti rí àwọn tó ná owó gọbọi lórí ìwé ìjọ Lancashire, tí ìwé ìrìbọmi bàbá bàbá wọn sì wà nínú àpótí ní Èkó. Ilé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá ìwé ìrìbọmi, ìwé ìgbéyàwó, àkọlé ibojì àti ìwé ilẹ̀ Olówógbowó. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ìjọ tí wọ́n ń lọ, yálà ti Áńgílíkà tàbí ti Mẹ́tọ́díìsì, kí ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí ẹ wo ìwé àtijọ́ wọn. Òfin pé kí wọ́n máa kọ ìbí àti ikú sílẹ̀ ti wà ní Èkó láti 1863, ẹ béèrè ìyẹn náà. Ohun tí ẹ ń wá ni ọdún tí ẹni àkọ́kọ́ dé. Àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tí wọ́n já gbà tí wọ́n ti Sierra Leone padà wá àti àwọn ọmọ wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í padà sílé láti 1839, Àgbádárìgì àti Abẹ́òkúta ni ọ̀pọ̀ wọn kọ́kọ́ gbà sí. Àwọn tó wọ Èkó pọ̀ sí i lẹ́yìn 1851. Tó bá jẹ́ pé Abẹ́òkúta ni tiyín kọ́kọ́ dé, ẹ máa nílò ìwé ìjọ Aké náà.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan méjì níbí. Wọ́n lè fi orúkọ olóore kan ṣoṣo sọ ọmọ bíi mélòó kan tí kò bára wọn tan rárá, nítorí náà ẹ má gbà pé gbogbo Bickersteth tó wà ní Freetown àti Èkó jẹ́ ẹbí yín títí ẹ ó fi rí ẹ̀rí. Èkejì, àwọn Sàró kan bọ́ orúkọ òyìnbó sílẹ̀ nígbà tó yá, bí David Brown Vincent ṣe di Mọ́jọlà Agbébí ní 1894. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ ìyá bàbá yín wà ní àdúgbò mìíràn lábẹ́ orúkọ Yorùbá.

Freetown ló kàn. Láti 1808 títí di 1848, wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tí wọ́n já gbà sínú ìwé ńlá, àwọn ìwé náà sì wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba tó wà ní Fourah Bay. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ojú ìwé kan ṣe rí. Ìlà kan ni ti ẹnì kan: nọ́ńbà rẹ̀, orúkọ rẹ̀, akọ tàbí abo, ọjọ́ orí, bó ṣe ga tó, lẹ́yìn náà àmì tó wà lára rẹ̀. Akọ̀wé tí kò gbọ́ Yorùbá ló ń kọ ọ́. Bó ṣe gbọ́ orúkọ látẹnu ẹni náà tàbí látẹnu ògbufọ̀ ló ṣe kọ ọ́, láìsí àmì ohùn. Kò síbi tí ẹ ti máa rí Bickersteth nínú rẹ̀, nítorí wọn ò tíì ṣe ìrìbọmi fún ẹnikẹ́ni. Ẹ máa rí orúkọ tó dà bí Àjàyí, Òjó, Àìná. Ẹ ka lẹ́tà rẹ̀ sókè, ẹ má fi ojú nìkan kà á. Etí Yorùbá ló máa ń mú ohun tí ojú kò mọ̀. Ibi tí wọ́n ti kọ àmì ara ni ilà ojú wà. Tí àgbàlagbà kan nínú ẹbí bá rántí irú ilà tí bàbá àgbà kọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lónìí.

Ẹ̀dà àwọn ìwé yìí wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àkójọ kan tó ń jẹ́ African Origins ní orúkọ àwọn tó lé ní ẹgbẹ̀rún 90, èyí tí wọ́n kọ ní Freetown àti Havana. Ọmọ yín lè bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀. Ìwé àwọn ajíhìnrere CMS wà ní yunifásítì Birmingham, kò sì jìnnà púpọ̀ sí Manchester. Èyí tó wà ní Nàìjíríà, ẹ wá a ní ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Ìbàdàn.

Ó ku ibì kan, ó sì máa ń wú mi lórí nígbàkúùgbà tí mo bá wọ ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Edward, tóun náà ń jẹ́ Henry bíi bàbá wọn, di Baron Langdale ní 1836, ó sì di adájọ́ tí wọ́n ń pè ní Master of the Rolls. Nígbà yẹn, ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fọ́n káàkiri London, àwọn mìíràn wà níbi tí omi àti eku ti ń bà wọ́n jẹ́. Òfin ọdún 1838 fi gbogbo wọn sábẹ́ àṣẹ rẹ̀, òun ló sì bẹ̀rẹ̀ ilé iṣẹ́ tó kó wọn jọ. Ilé iṣẹ́ yẹn ló di National Archives tó wà ní Kew lónìí. Ìwé tí gómìnà Sierra Leone ń kọ sí London wà níbẹ̀ lábẹ́ CO 267, ti àwọn ọkọ̀ ẹrú tí wọ́n mú sì wà lábẹ́ FO 84. Bickersteth kan ló tọ́jú ìwé tí a lè fi rí orúkọ tí bàbá yín ń jẹ́ kó tó di Bickersteth.

Tí ẹ bá ti rí ọdún tí ẹni àkọ́kọ́ wọ Èkó tàbí Abẹ́òkúta, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú gbogbo oríkì tí ẹ bá rí gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, kódà tí kò bá pé. Màá fi mọ àwọn abúlé Freetown tí a máa yẹ ìwé ìrìbọmi wọn wò.